Ọmọbìnrin mi fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Poly, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ẹlẹ́rọ Ata, Sángo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mo ń fi ẹ̀rọ lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Sángo, Ìbàdàn níbí. Ọdún kọkànlá mi rèé nídìí iṣẹ́ náà. Ata, ẹ̀wà, àgbàdo gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ ni mò ń lọ̀, òun náà ni mo sì fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ àkọ́bí mi ló gbé mi débí. Ọmọbìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó ti ṣe WAEC, ó sì ní kírẹ́díìtì nínú ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, físíìsì, kẹ́mísírì àti ìmọ̀ ọ̀gbìn. Fọ́ọ̀mù JAMB la fẹ́ kọ báyìí. Ó ní Mechanical Engineering ní Poly lòun fẹ́, pé tóun bá parí ND, òun á kọ́ manufacturing ní HND. Mo ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Ó ní ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ohun tí à ń fi ṣe nǹkan ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, ẹ̀rọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ata kò sì kúnná mọ́. Bí mo bá fún un mọ́lẹ̀, á gbóná. Bí mo bá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, hóró ata á máa jáde lódindi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sanwó fún ẹni tó ń bá mi tún un ṣe. Ó pààrọ̀ ọlọ irin méjèèjì, ó pààrọ̀ bẹ́líìtì, pàbó ló já sí. Àwọn oníbàárà ti ń gbé abọ́ ata wọn kọjá níwájú mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ yìí tú ẹ̀rọ náà, ó fi ṣọ́ọ̀kì kun ojú ọlọ kan, ó dè é padà, ó fọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó tún tú u. Ẹ̀gbẹ́ kan péré ni ṣọ́ọ̀kì ti parẹ́. Ó ní, "Màmá, ọlọ kọ́ ló ń dà yín láàmú. Ọ̀pá tó gbé e dúró ló wọ́." Mo gbé ọ̀pá náà lọ bá tọ́nà kan, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fá irin, ní Agodi Gate. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó yí i, àtèmi àtòun la sì rí i bó ṣe ń jó síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ọmọ ṣe sọ ló rí.

Látọjọ́ náà ni kò ti mọ ọ̀rọ̀ mìíràn í sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ní nọ́ọ̀sì ni kó lọ kọ́, pé ta ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin tí gírísì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Bàbá rẹ̀ dákẹ́. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, torí mo mọ ohun tí bẹ́líìtì lè fi ọwọ́ èèyàn ṣe, mo fojú ara mi rí i. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ọ, kí ni wọ́n ń kọ́ wọn gan-an? Ṣé ọmọbìnrin lè ṣe é? Ṣé iṣẹ́ wà níwájú rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí kí inú mi lè dùn bò mí lójú.

Tẹkinọ́lọ́jíìsì Olúyọ̀lé

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Mo ka ọ̀rọ̀ yín dé ibi ṣọ́ọ̀kì, mo sì padà lọ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tọ́mọ yín ṣe yẹn, inú wọ́kíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti kọ́ èmi. Ọ̀dà búlúù la máa ń lò: a ó fi díẹ̀ kun ojú irin kan, a ó fi kan ojú èkejì, ibi tí ọ̀dà bá ràn mọ́ ni ibi tó ga. Òun kò rẹ́ni kọ́ ọ, orí ara rẹ̀ ló fi rò ó.

Obìnrin ni èmi náà. Mo ṣe ND, mo ṣe IT, ìyẹn kíkọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, fún ọdún kan, mo padà ṣe HND nínú manufacturing. Iléeṣẹ́ oníke kan ní Olúyọ̀lé ni mo wà báyìí, èmi ni mò ń tọ́jú àwọn mọ́ọ̀dù irin tí ike gbígbóná ń wọ̀.

ND jẹ́ ọdún méjì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀: yíya àwòrán ẹ̀rọ, ìṣirò, ìwà irin lóríṣiríṣi, iṣẹ́ wẹ́dà, àti ẹ̀rọ lathe tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè máa fá a. Oṣù mẹ́rin wà nínú rẹ̀ tó máa fi wà níbi iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní SIWES. ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí kíkọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́, ló dá a sílẹ̀ ní 1973 torí wọ́n rí i pé ìwé nìkan làwọn ọmọ ń mú jáde. Kó tó wọ HND, ó gbọ́dọ̀ lo ọdún kan sí i níbi iṣẹ́. HND, ọdún méjì míì, níbẹ̀ ni manufacturing ti ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ọkọ̀ àti iṣẹ́ agbára.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú wọ́kíṣọ́ọ̀bù kì í tiẹ̀ ṣe lórí ẹ̀rọ. Wọ́n á fún un ní ègé irin kan àti fáìlì, wọ́n á ní kó fá a títí ojú rẹ̀ á fi tẹ́jú, tí igun rẹ̀ á sì gún régé. Á gbé skúyà lé e, á gbé e sókè níwájú fèrèsé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ lábẹ́ rẹ̀, kò tíì tẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni tèmi gbà mí, àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Mo sunkún nínú yàrá, mi ò parọ́ fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á kọ́ ọ ní wíwọ̀n: vernier tó ń ka 0.02 mm, micrometer tó ń ka 0.01 mm. Irun orí èèyàn nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n wọ̀n, ojú rẹ̀ kì í padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Nídìí lathe ni ìṣirò ti ń di ohun tí a lè fọwọ́ kàn. Ká sọ pé irin tí à ń fá lè gba kí ojú rẹ̀ máa sáré 30 mítà ní ìṣẹ́jú kan. Bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ 40 mm, ẹ̀rọ á yí nǹkan bí ìgbà 240 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ 20 mm, á yí tó 480. Ẹni tí kò ṣírò rẹ̀ á jó ọ̀bẹ ẹ̀rọ mọ́ irin lára, á ní ayé ló ń ṣe òun.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín, Màmá, ẹ wo ọlọ irin yín. Irin tí wọ́n yọ́, tí wọ́n dà sínú yẹ̀pẹ̀ ni. Carbon wà nínú rẹ̀, láàárín 2 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá tutù díẹ̀díẹ̀, carbon yẹn á ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ bí ìpẹ́ dúdú tín-tìn-tín, irin náà á rọ̀ débi tí a lè fi lathe fá a. Bó bá tutù kíákíá, inú rẹ̀ á funfun, á le koko, kò ní tètè jẹ, àmọ́ bẹ́ ẹ bá jẹ́ kó já bọ́, á fọ́ bí àwo. Ìdí kan nìyẹn tí ọlọ tẹ́ ẹ rà lọ́dún yìí fi lè pẹ́, tí èyí tẹ́ ẹ rà lọ́dọ̀ ẹni kan náà lẹ́yìn rẹ̀ á jẹ tán kíákíá. Ohun tó sì ń jẹ lára rẹ̀ yẹn, inú ata ló ń wọ̀ lọ. Ẹ ti mọ̀yẹn kí n tó sọ ọ́. Irin yẹn tún máa ń sún kì tó bá ń tutù, tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ọlọ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 200 mm, 202 mm ló máa ṣe àwòṣe rẹ̀. Manufacturing nìyẹn: irin wo, báwo la ṣe máa dà á, kí la máa fi fá a, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ẹlẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta bá ti àkọ́kọ́ mu.

Ẹ̀rù tó ń bà yín, ẹ̀rù tó yẹ ni. Nídìí lathe, a kì í wọ ẹ̀gbà ọrùn, a kì í wọ apá ẹ̀wù gígùn, a máa ń di irun wọnú fìlà pátápátá. A kì í sì wọ ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ tẹ́ ẹ rò pé ó ń dáàbò bo ọwọ́, òun gan-an ni ẹ̀rọ máa fi fà á wọlé. Ní ti agbára, ṣéènì la fi ń gbé ohun tó bá wúwo, ọkùnrin pàápàá kì í fi àyà gbé e. Obìnrin mẹ́rin la wà ní kíláàsì wa, mẹ́rin la parí.

Wàyí o, èyí tó ń dùn mí. Níbi tí mo ti kàwé, ẹ̀rọ lathe pọ̀ níbẹ̀, mẹ́ta péré ló ń ṣiṣẹ́, àwa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la máa ń rọ̀gbà yí ọ̀kan ká. Àwọn kan parí láìfọwọ́ kan ọwọ́ ẹ̀rọ ju ìgbà mélòó kan lọ. Nítorí náà, ilé-ẹ̀kọ́ yòówù tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú, ẹ kọ́kọ́ lọ wo wọ́kíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́. Ẹ má wo ara ẹ̀rọ, wọ́n lè nù ún. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí èérún irin tó ń dán, tí òróró ṣì wà lára rẹ̀, bá wà níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ ọmọ. Bó bá jẹ́ eruku àti òwú aláǹtakùn lẹ rí, ẹ wá ibòmíràn.

Ọmọ Àpáta

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá. Mi ò ní ba ìfẹ́ ọmọ jẹ́, àmọ́ ẹ ní ká má bò yín lójú. Mo ní HND. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, mo kọ́ ọmọ kan tó gba BSc, oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ló di ọ̀gá mi. Kì í ṣe pé ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n wò. COREN náà, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń forúkọ ẹnjinníà sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ti tẹkinọ́lọ́jíìsì, ìyẹn àwa tá a ní HND. Bí máàkì JAMB rẹ̀ bá gbé e, kó lọ sí UI ní ẹ̀ka Industrial and Production Engineering, ọdún márùn-ún. Bí kò bá gbé e, kó ṣe ND, kó sapá kí èsì rẹ̀ dára gan-an, kó wá fi gba Direct Entry, ìyẹn wíwọ yunifásítì láti ọdún kejì. Kó ti mọ̀yẹn láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kó má bàa jẹ́ ìgbà tó bá parí ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Tẹkinọ́lọ́jíìsì Olúyọ̀lé

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, ó sì ń dun èmi náà. Màmá, ẹ jẹ́ kó fi èyí sọ́kàn gan-an. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un: bí mọ́ọ̀dù bá ya lóru ní iléeṣẹ́ wa, wọn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí kí wọ́n tó pè mí.

Bàbá Tọ́nà

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó ti Olúyọ̀lé sọ̀rọ̀, o ṣé, Olúwa á gbé ọ ga. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n mi rèé nídìí lathe ní Agodi Gate. Èmi kọ́ ni mo tún ọ̀pá yín ṣe, àmọ́ mo lè mọ ẹni náà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni mo ti kọ́ṣẹ́, ọdún márùn-ún.

Tẹ́lẹ̀, mi ò fẹ́ràn àwọn ọmọ IT. Wọ́n á wá, wọ́n á ka ìṣirò bí ẹni ka Sáàmù, wọn ò ní lè pọ́n ọ̀bẹ ẹ̀rọ. Lọ́dún kan wọ́n fi ọmọbìnrin kan ránṣẹ́ sí mi. Oníbàárà mi kan láti Mọ́níyà máa ń gbé ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí, ti ẹ̀rọ tó fi ń rin ẹ̀gẹ́ wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣẹ́, ojú kan náà, níbi tó ti fẹ̀ tó sì tún tínrín. Mo wá irin tó nípọn jù, ó tún ṣẹ́. Ọmọbìnrin yẹn wo ojú ibi tó ṣẹ́ náà pẹ́, ó ní, "Bàbá, igun ibí yìí mú jù. Gbogbo agbára ẹ̀rọ ló ń kó ara wọn jọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ kọdọrọ díẹ̀, ẹ má gé e ṣọnṣọ." Mo pọ́n ọ̀bẹ mi ní orí róbótó, mo ṣe é bó ṣe wí. Ọdún kẹfà rèé, ṣáàfù yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Èmi tí mo ti ń gé igun láti bí ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nígbà náà, mo jókòó, ara mi sì bù máṣọ. Mélòó ni mo ti ṣe fún àwọn èèyàn tó ṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́?

Èmi náà fún un ní tèmi. Mo kọ́ ọ bí ìró ẹ̀rọ ṣe máa ń yí padà kí ọ̀bẹ tó kú, bí àwọ̀ èérún ṣe ń sọ bí irin ṣe gbóná sí. Wọn ò kọ ìyẹn sínú ìwé rẹ̀.

Ẹ mú ọmọ yín wá lọ́jọ́ Sátidé, kẹ́yin náà tẹ̀ lé e. Mi ò gba kọ́bọ̀. Kó dúró ti ẹ̀rọ títí di ìrọ̀lẹ́, kó gbọ́ ariwo rẹ̀, kó gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí ọkàn rẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ kọ fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n kó má wọ sálúbàtà wá o, èérún irin gbígbóná máa ń já bọ́ sí ẹsẹ̀. Bàtà tó ní irin lórí ni kó wọ̀, wọ́n ń ta òkìrìkà rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́rọ Ata, Sángo

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè lálẹ́ àná lẹ́yìn tí a jẹun. Nígbà tí mo ka ti ṣáàfù Mọ́níyà, bàbá rẹ̀ ní kí n tún un kà. Ohun tó kọ́kọ́ sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì gbà, mi ò sì ní bá a jà, ó fẹ́ràn ọmọ náà ni.

Ní ti ọlọ, òótọ́ ni. Bí mo bá ra tuntun, eèrí ni mo máa ń lọ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń dà á nù, kí n tó fi kan ata oníbàárà. Mi ò mọ ìdí tí òmíràn kì í fi mọ́ bọ̀rọ̀, mo kàn ń ṣe é ni. Ọ̀rọ̀ yunifásítì náà ti wọ ọmọ létí, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, tí ọjà bá tutù, màá lọ wo abẹ́ àwọn ẹ̀rọ yẹn. Ní Sátidé, a ń bọ̀ ní Gate, Bàbá. A ti wá bàtà yẹn káàkiri, ti ọkùnrin nìkan la rí, ẹsẹ̀ ọmọ yìí ń rìn nínú rẹ̀. Ṣé ẹnì kan mọ ibi tí wọ́n ti ń ta nọ́ńbà 38 tàbí 39?