Báwo ni mo ṣe lè lo rìsífà méjèèjì (ẹ̀yà tó ń gba ohùn) inú rédíò IC-7610 nígbà tí DX (ibùdó rédíò ọ̀nà jíjìn) bá ń gbọ́ sókè?

Olùgbọ́ Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà orí afẹ́fẹ́. IC-7300 tó ní rìsífà kan ṣoṣo ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti gba IC-7610 báyìí. Bí DX kan bá wà lórí 14.195 MHz, tó ní òun ń gbọ́ láti kilohertz 5 sí 10 sókè (ìyẹn lórí ìkànnì tó ga ju èyí tó ti ń sọ̀rọ̀ lọ), mo máa ń gbọ́ ọ ketekete, àmọ́ n kì í mọ ojú ibi tó ń gbọ́ àwọn èèyàn sí. Bí mo bá sì tan Dualwatch, tó ń jẹ́ kí rìsífà méjèèjì máa gbọ́ pọ̀, ohùn rẹ̀ àti ariwo èrò tó ń pè é a dàpọ̀ mọ́ra. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ṣé dandan ni kí rìsífà kọ̀ọ̀kan ní áńtẹ́nà tirẹ̀?

Àgbà Ogún Mítà:
Ẹ kú oríire rédíò tuntun. Ẹ lo hẹ́dífóònù stereo, kí ẹ sì rí i pé L/R Mix kò sí ní títàn, nítorí òun ló ń da ohùn méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà, etí kan yóò máa gbọ́ Main (rìsífà àkọ́kọ́), èkejì yóò máa gbọ́ Sub (rìsífà kejì). Ẹ fi Main sórí 14.195, kí ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Sub ni kí ẹ máa yí.

Àwọn tó ń pariwo pe DX kọ́ lẹ ń wá o, ẹni tó dá lóhùn lẹ ń wá. Bó bá ti dárúkọ àmì ìpè kan, ẹ yára yí Sub títí ẹ ó fi gbọ́ ẹni náà tó ń dá "five nine" (ìròyìn pé ohùn ń wọlé dáadáa) padà. Níbi tí àwọn èèyàn bá níwà, gbogbo èrò yóò dákẹ́, òun nìkan ni yóò sì hàn lójú scope (àwòrán àwọn ìkànnì lójú rédíò). Bí ẹ bá ti rí i bíi ẹ̀ẹ̀mejì mẹ́ta, ẹ ó mọ ìṣe DX náà: àwọn kan máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ẹni kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn a dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́. Bó bá ń gòkè, ẹ ṣáájú rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ dúró dè é. Tí Split (gbígbọ́ lórí ìkànnì kan, sísọ̀rọ̀ lórí òmíràn) bá wà ní títàn, orí ìkànnì Sub náà lẹ ó ti sọ̀rọ̀, nítorí náà kò sí ohun tí ẹ tún ń ṣètò. Ní ti CW (ìfiránṣẹ́ Morse), kilohertz 1 tàbí 2 sókè ni wọ́n sábà máa ń gbọ́.

Alẹ́ Ogójì Mítà:
Áńtẹ́nà kan tó fún èyí. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ diversity ni méjì wúlò, ìyẹn ni pé kí rìsífà méjèèjì wà lórí ìkànnì kan náà, ọ̀kan lórí dipole (áńtẹ́nà wáyà apá méjì), èkejì lórí áńtẹ́nà tó dúró ṣánṣán. Bí ohùn bá ń lọ tó ń bọ̀ lórí 40 mítà (àwọn ìkànnì MHz 7) lálẹ́, kì í sábà lọ lórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní pa ariwo mànàmáná ìgbà òjò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í bọ́ lójijì mọ́.

Olùgbọ́ Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun gan-an. Bó bá wá jẹ́ èmi tí àmì ìpè mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, ti Nàìjíríà, ni èrò ń pè ńkọ́?

Àgbà Ogún Mítà:
Ẹ fi Main gbọ́ èrò lókè, kí Sub wà lórí ìkànnì tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀. Bí ẹlòmíràn bá bọ́ sórí rẹ̀, ẹ̀yin náà yóò gbọ́, ẹ ó sì tètè mọ ìdí tí àwọn tí ẹ dá lóhùn kò fi gbọ́ yín.