Òdòdó ata rodo mi ń re, Kérésì sì ń bọ̀. Ẹ gbà mí o

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn (ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo gbé wá, wọ́n sì so mọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Lọ́dún tó kọjá mo ra apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn mẹ́ta, èyí tí gbogbo wa ń pè ní hámpà, ní ṣọ́ọ̀bù kan. Wọ́n ti dì í sílẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá dídán wé e, wọ́n so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn lórí. Ọ̀kan lọ fún ìyá ọkọ mi ní Ìwó. Nígbà tí màmá tú u, bisikíìtì tó wà lábẹ́ ti kọjá ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ láti oṣù Kẹjọ. Ìwé tí wọ́n rún sí ìsàlẹ̀ ló jẹ́ kí apẹ̀rẹ̀ náà dà bíi pé ó kún. Màmá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní kí Ọlọ́run bù sí i fún wa. Oṣù Kejì ni àbúrò ọkọ mi tó sọ fún mi. Mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyá tó pọn àwọn ìbejì mi fún oṣù mẹ́ta gbáko nígbà tí ara mi ò yá lẹ́yìn ìbímọ, bisikíìtì tó ti bàjẹ́ ni mo fi ránṣẹ́ sí wọn.

Mo wá pinnu pé lọ́dún yìí, ohun tí mo bá mọ ọwọ́ tó ṣe é nìkan ni yóò wọ inú apẹ̀rẹ̀ mi. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà ni mo fẹ́ dì. Èlùbọ́ láti Ṣakí, gààrì Ìjẹ̀bú, irú wooro, ẹ̀gúsí tí èmi fúnra mi bó, epo pupa ìgò kọ̀ọ̀kan, àti ata tí mo gbìn. Ata yẹn gan-an ló ká mi lára jù, torí ìyá ọkọ mi ò ka ọbẹ̀ sí ọbẹ̀ tí rodo ò bá ta sánsán nínú rẹ̀.

Garawa pẹ́ńtì 12 ni mo gbin rodo sí ní bàrándà wa lókè, ní Bódìjà níbí. Kóró inú rodo ọjà ni. Mo sá a sí ibòji fún ọjọ́ márùn-ún, mo gbìn ín ní oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ kẹrìndínlógún ló tó yọ orí, mo ti rò pé ó ti kú. Ní ìparí oṣù Kẹfà mo ṣí wọn lọ sínú garawa. Ìgbẹ́ adìyẹ ni mo ń fún wọn jẹ, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ní báyìí igi ti ga dé ìbàdí mi, ewé rẹ̀ tóbi, ó dúdú mìnìmìnì, òdòdó sì kún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ilẹ̀ bàrándà á ti funfun fún òdòdó tó re. Mo mú ọ̀kan lánàá mo wò ó dáadáa: òdòdó náà ò rọ, kòkòrò ò jẹ ẹ́, igi tín-ín-rín tó so ó mọ́ ẹ̀ka ló ti di pupa rúsúrúsú. Mo fọwọ́ kan èkejì lórí igi báyìí, ó já. Ọmọ ata mẹ́rin péré ni mo kà lórí igi méjìlá.

Ìbéèrè kejì: báwo lẹ ṣe ń tọ́jú ata sínú ìgò tí kò fi ní bàjẹ́ mọ́ ẹni tí ẹ fún lọ́wọ́? Mo dán an wò ní oṣù Kẹrin. Mo lọ rodo tútù, mo da òróró lé e lórí, mo dé e pa, mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọjọ́ kẹta ló ń hó. Bí mo ṣe ṣí i, ìdérí fò bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé yìí, ẹ ti dáhùn ìdajì rẹ̀ fúnra yín. Ewé tóbi, ó dúdú mìnìmìnì, ata ò so: ìgbẹ́ adìyẹ ni. Ewé lẹ ń bọ́, ẹ ò tíì máa bọ́ ata. Náítírójìn, èròjà tó ń mú ewé dàgbà, pọ̀ nínú ìgbẹ́ adìyẹ, igi tó bá sì ń rí i jẹ lọ́sẹ̀ méjì-méjì ò ní rí ìdí tí yóò fi so. Ẹ dá a dúró lónìí. Ẹ wá eérú igi, kì í ṣe ti èédú tí wọ́n da kẹrosíìnì sí o, kí ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan sí ojú ilẹ̀ garawa kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bomi rin ín. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó títí ọdún á fi parí. Bí eérú bá pọ̀ jù, ilẹ̀ á bàjẹ́.

Ẹ yí garawa wò lábẹ́. Ihò mélòó ló wà níbẹ̀? Òjò oṣù Kẹsàn-án ò kéré, garawa tí ò ní ihò a máa mú kí gbòǹgbò rì sómi, igi náà á kọ́kọ́ ju òdòdó nù kó tó ju ewé. Kí ihò tó márùn-ún ó kéré tán, kí ẹ sì gbé garawa sórí bíríkì méjì kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Tó bá ṣì tutù níbẹ̀, ẹ má bomi rin ín.

Oòrùn náà: ṣé ó ń rí tó wákàtí mẹ́fà? Bàrándà tí òrùlé bò dáadáa kì í tó. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ògiri sìmẹ́ńtì ni wọ́n wà, ẹ sún wọn kúrò, torí ògiri yẹn ń gba ooru sára lọ́sàn-án, ó ń tú u lé ata lórí. Ooru tó bá ti ju 35°C lọ, òdòdó rodo ò ní dúró.

Ohun kan kù tí àwọn ará ìlú ńlá kì í rántí. Takọtabo ló wà nínú òdòdó ata kan ṣoṣo, kò nílò igi kejì, ṣùgbọ́n ó nílò ohun tí yóò mì ín. Lóko, afẹ́fẹ́ àti oyin ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ní bàrándà òkè, ìka yín ni. Láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀, ẹ máa fi ìka ta ẹ̀yìn òdòdó pẹ́pẹ́, ojoojúmọ́.

Ẹ tètè ṣe é, mà. Òdòdó tó bá dúró lónìí ń lọ sí nǹkan bí oṣù méjì kó tó pọ́n. Èyí tó bá dúró lẹ́yìn oṣù Kẹwàá, láìtíì pọ́n ni ẹ máa ká a ní Kérésì.

Alátagbígbẹ, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá Ìbejì, ẹ dáríjì mí, ọ̀rọ̀ ìgò yẹn ló gbé mi dìde. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ata tútù nínú òróró tí kò sí nínú fìríìjì. Ẹ dúpẹ́ pé tiyín hó. Èyí tó hó ti kìlọ̀ fún yín. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń gbé inú ilẹ̀, Clostridium botulinum lorúkọ rẹ̀, kò sì fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá. Inú òróró tí ẹ dé pa gan-an ló wù ú. Májèlé tó ń mú jáde kì í rùn, kò ní adùn tí ẹ fi lè mọ̀ ọ́n, iṣan ara ló ń mú rọ títí ó fi lè dí èèyàn ní mímí. Ẹ̀bùn kọ́ nìyẹn.

Ẹ sá ata. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tà á. Rodo nípọn ara ju ṣọ̀mbọ̀ lọ, ẹ ò lè sá a lódindi, inú rẹ̀ á bu kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó gbẹ. Ẹ là á sí méjì, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kan ojú. Ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì sórí nǹkan tó ga kúrò nílẹ̀, kí ìyẹ̀pẹ̀ àti ewúrẹ́ má débẹ̀, kí ẹ sì kó o wọlé kí ìrì tó sẹ̀. Nínú ọyẹ́ oṣù Kejìlá, ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà ti tó. Bí òjò bá ṣì ń rọ̀, ófùn ni o, iná tó kéré jù lọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí díẹ̀, gbogbo fèrèsé ilé ṣí sílẹ̀. Ẹ kó àwọn ìbejì jáde ná, torí èéfín ata ò mọ ọmọdé.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó gbẹ? Ẹ ṣẹ́ ẹ. Tó bá tẹ̀, kò tíì gbẹ. Tó bá dún kàù, ó ti gbẹ. Ẹ wá rọ ọ́ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ dé e, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ gbé ìgò náà sí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí omi tó sẹ̀ bí òógùn sí ara ìgò nínú, ẹ dà á padà sóòrùn, kò tíì tán. Èyí tó bá ti bu, tó funfun tàbí tó dúdú nínú, ẹ dà á nù, ẹ má gé ibi tó bàjẹ́ kúrò kí ẹ lo ìyókù.

Ẹ má retí pé yóò pọ̀ o. Omi ló pọ̀ jù nínú ata tútù. Kílò kan lè má ju gíráàmù 100 sí 150 lọ tó bá gbẹ tán. Ẹ ra ṣọ̀mbọ̀ mọ́ ọn kí ìgò lè kún, kí rodo tiyín jẹ́ òórùn rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣeun, ẹ kò ní ṣòfò. Ihò kan ṣoṣo ni mo lu sí abẹ́ garawa kọ̀ọ̀kan, mo sì fi òkúta dí i kí iyẹ̀pẹ̀ má bàa dà! Mo ti lu márùn-ún sí i lónìí. Omi tó jáde lábẹ́ méjì nínú wọn rùn bí àbàtà.

Alátagbígbẹ, ẹ ti gba ẹnì kan là níbi tí ẹ wà yẹn. Ìgò mẹ́fà ni mo fẹ́ fi òróró kún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

Ẹ kú àárọ̀ mà. Ibi tí mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, rodo pọ̀ ní òpópónà Rye Lane, ṣùgbọ́n mo ń gbìn ín sójú fèrèsé torí òórùn ewé rẹ̀ nígbà tí mo bá fọwọ́ pa á, ilé bàbá mi ló ń gbé mi lọ. Oṣù Kejì ni mo ń gbin kóró, lórí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, torí bí ilẹ̀ rẹ̀ ò bá tó 25°C, á kàn jókòó ni. Mi ò lè gbé e síta títí oṣù Kẹfà. Ọdún àkọ́kọ́, òdòdó mi re tán bíi tiyín, ṣùgbọ́n otútù òru ló fà á níbí. Àfìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú tí a fi ń nu etí kan inú òdòdó kọ̀ọ̀kan ló tó so.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni pé, mà, ẹ fi igi rodo kan tó wà láàyè sínú apẹ̀rẹ̀ náà. Èmi ti ń ṣe é fún àwọn ìyá ìjọ wa. Ata gbígbẹ á tán, igi á ṣì wà. Kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ọdún kan. Gúúsù Amẹ́ríkà ni baba ńlá rẹ̀ ti wá, àwọn Potogí ló gbé ata dé etíkun wa lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus ti 1492 (ataare àti ìyèré làwọn baba wa ń lò kó tó dé), níbi tí otútù ò bá sì ti pa á, ọdún mélòó kan ló fi ń so. Mo ní ọ̀kan tó ti lo ọdún mẹ́ta. Mo ń gé e kúrú ní oṣù Kọkànlá, mo ń gbé e wọlé.

Bí ẹ bá gbin kóró lónìí, á ti tó ìbú ọwọ́ méjì ní Kérésì. Ẹ má bomi rin ín lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e rìn, kí ó má bàa ta sí èlùbọ́. Ẹ fi ewé ìran wé rodo tútù, má fi ọ̀rá wé e, á làágùn. Irú, inú ìgò tirẹ̀, tó dé dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gààrì á gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn (ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá)

Ẹ kú ọdún o. Mo ní kí n padà wá jíṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo dá ìgbẹ́ adìyẹ dúró, òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Igi méjì tó wà nínú omi yẹn kú, mi ò lè gbà wọ́n. Lórí mẹ́wàá tó kù, mo ká 137, mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sá èyí tó pọ̀, ọjọ́ márùn-ún lórí nẹ́ẹ̀tì ìlẹ̀kùn tó ti ya tí ọkọ mi kàn mọ́ igi fún mi. Ìgò kejì sẹ omi sínú gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, mo dà á padà sóòrùn. Mo fi ṣọ̀mbọ̀ kún un.

Mi ò ra apẹ̀rẹ̀ oníke. Ìyàwó àbúrò mi bá mi ra igbá fínfín mẹ́fà ní Ọ̀yọ́, ẹni tó gbà á lè gbé e sórí pẹpẹ lẹ́yìn tí oúnjẹ inú rẹ̀ bá tán. Àwọn ọmọ ata mẹ́sàn-án ló hù nínú èyí tí mo gbìn ní oṣù Kẹsàn-án, mo mú mẹ́fà tó lágbára, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú agolo mílíìkì ńlá tí mo fi ààbọ̀ ọ̀pá àdìrẹ wé.

Mo gbé ti Ìwó lọ fúnra mi lọ́jọ́ Kérésì. Màmá kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní, wọ́n ṣí ìgò ata, wọ́n fi imú sún mọ́ ọn, wọ́n sín lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní, "Èyí ò ní ọjọ́ tó kọjá lára rẹ̀." Wọ́n ti mọ̀ pé mo mọ̀, láti ìjọ́un. Mo wólẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún, wọ́n fà mí dìde, wọ́n ní kí n bá wọn wá ibi tí oòrùn àárọ̀ ń bọ́ sí nínú àgbàlá.

Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi la gbé agolo náà sí. Àbúrò ọkọ mi tẹ̀ mí láago lánàá: òdòdó kan ti yọ. Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí wọ́n já a dànù kí igi lè kọ́kọ́ dàgbà, àbí kí wọ́n fi í sílẹ̀?