Ẹ bá mi dá sí i: sípíkà JBL Flip 6 ni tàbí Charge 5 fún bàbá mi?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìlọrin ni mo wà, Ọ̀fà ni bàbá mi ń gbé. Bí wọ́n bá ti kírun Ìṣáì tán, dàdàkúàdà ni wọ́n máa ń gbọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí oorun tó gbé wọn lọ. Sípíkà kékeré tí mo rà fún wọn ti bàjẹ́. Ojú ihò tí wọ́n fi ń gba iná sí i ti dẹ̀. Òkúta ni wọ́n fi ń ti wáyà náà kó má baà yọ. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo rí i.

Flip 6 fúyẹ́, ọwọ́ kan ni wọ́n á fi gbé e, wákàtí 12 ni bátìrì rẹ̀ ń lò. Charge 5 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan, ṣùgbọ́n ó ń lo wákàtí 20, ó sì lè fún fóònù wọn níná. Ẹ ṣáà mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ọkàn mi ń fà sí Charge 5, owó rẹ̀ ló ń dẹ́rù bà mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò wọ́n, ṣé àgbà tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́ lè dá bọ́tìnnì wọn mọ̀? Báwo lẹ ṣe ń dá ayédèrú mọ̀ lọ́jà? Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ Sátidé ni mò ń lọ rà á.