Ìlà pupa ara kíìtì ibà: ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí a ti fojú rí nípa ìmọ́lẹ̀ àti wúrà wínníwínní

Ará Láàbù:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ láàbù ní ilé ìwòsàn nílẹ̀ wa ti rí ìlà pupa tó ń yọ lára kíìtì tí a fi ń yẹ ibà wò láìmọye ìgbà. Ẹ gún ìka aláìsàn, ẹ kán ẹ̀jẹ̀ sójú kíìtì, ẹ kán omi rẹ̀ tẹ̀lé e, ẹ dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, ìlà á sì yọ. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe é ní Ìbàdàn kí n tó mọ ohun tó ń pa ìlà náà láró. Wúrà ni! Ẹyọ wúrà kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí 20 sí 40 nánómítà lọ. Ẹ pín mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìdá kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni nánómítà. Wọ́n so wúrà yìí mọ́ àńtíbọ́dì, irú èròjà tí ara fi ń gbógun ti àrùn, tó ń di purotéènì kòkòrò ibà mú. Bí ibà bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, wúrà á rọ́ jọ sójú kan, ojú wa á wá rí pupa.

Ìgbà tí mo lọ kàwé sí i ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo fọwọ́ ara mi ṣe irú wúrà yìí. A gbé omi tí a po iyọ̀ wúrà sí kaná, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè díẹ̀. Bó ṣe ń hó, mo da sítíréètì, kẹ́míkà kan tó jẹ mọ́ ásíìdì inú ọsàn, sí i. Àwọ̀ ìyeyè pòórà, omi mọ́ gaara. Ó tún ṣókùnkùn, ó di elése àlùkò, nígbà tó yá ó pupa bíi zobo. Mo wá bu díẹ̀ sínú ife kékeré, mo kán omi iyọ̀ ọbẹ̀ sí i. Kíá ló di búlúù! Wúrà kan náà ni o, a ò bu nǹkan kan kúrò.

Ohun tó fà á ni pé bí ìmọ́lẹ̀ bá kan wúrà tó kéré báyẹn, àwọn ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀, ìyẹn àwọn ohun tíntìntín tó ń gbé iná mànàmáná, máa ń mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé, tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bí 520 nánómítà, ló bá mímì wọn mu. Òun ni wọ́n ń fà sára, pupa ló ń ṣẹ́ kù fún ojú wa. Iyọ̀ ló mú kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn. Ìgbì tó gùn ju ti àkọ́kọ́ ni wọ́n wá ń fà, búlúù ló kù. Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ̀wé lórí àwọ̀ wúrà báyìí láti 1857. Ẹ̀yin náà, kí lẹ ti rí?

Ìyá Ìbejì Lọ́ńdọ̀nù:
Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ dé British Museum? Ife kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lycurgus Cup, àwọn ará Róòmù ló ṣe é ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrin. Bí iná bá ti iwájú tàn sí i, àwọ̀ ewé ni. Bó bá ti ẹ̀yìn là á kọjá, ó di pupa. Wúrà àti fàdákà wínníwínní ló wà nínú gíláàsì yẹn. Àwọn ìbejì mi ń fà mí láṣọ pé ká máa lọ, mi ò lè kúrò níbẹ̀. Ó dùn mí pé a ò mọ orúkọ àwọn tó fọwọ́ ṣe é.

Atẹlifíṣọ̀nṣe:
Ẹ̀gbọ́n, Ìkẹjà ni mo ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní QLED, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́yìn ojú rẹ̀. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ búlúù ni, àmọ́ bí mo bá fi ike náà bò ó, funfun ló ń yọ. Quantum dot, ìyẹn ẹyọ wínníwínní tó ń gba iná búlúù tó sì ń tan àwọ̀ mìíràn, ló wà nínú ike yẹn: èyí tó kéré ń tan àwọ̀ ewé, èyí tó tóbi díẹ̀ ń tan pupa. Iṣẹ́ yìí ni Bawendi, Brus àti Ekimov fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2023. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jó ike yẹn lórí ààtàn. Kádímíọ́mù wà nínú òmíràn, májèlé sì ni.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá:
Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá mi. Bí ìlà aláìsàn bá wá fẹ́lẹ́ ńkọ́, tí ò pupa dáadáa?

Ará Láàbù:
Àǹtí, ẹ kà á sí ibà. Wúrà tó dúró síbẹ̀ ni ò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn ibà tán, ẹ ṣọ́ra: HRP2, ìyẹn purotéènì kòkòrò ibà tí ọ̀pọ̀ kíìtì wa ń wá, lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, máíkírósíkóòpù ni kí ẹ fi yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ìlà C, èyí tó ń fi hàn pé kíìtì ṣiṣẹ́, ò bá sì yọ rárá, ẹ sọ kíìtì yẹn nù, kí ẹ mú òmíràn.