Kì í ṣe “àárẹ̀ ooru”, ìdẹwọ́ ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kàdúná ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní kí a máa pe overclock, ìyẹn mímú kí kọ̀ǹpútà máa sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, ní “àṣejù aago”, kí a sì máa pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá gbóná tí iṣẹ́ rẹ̀ wá ń falẹ̀ ní “àárẹ̀ ooru”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ta kò yín lórí méjèèjì, nítorí ohun tí ojú mi rí ní Kubwa, l’Ábújá níbí, lóṣù Kẹta.

Fídíò ìgbéyàwó ni mo máa ń tò pọ̀ fún àwọn èèyàn. Kí iṣẹ́ lè yá, mo gbé eré kọ̀ǹpútà mi kúrò lórí 4.0 GHz lọ sí 4.6, mo sì fi kún fóltéèjì rẹ̀, ìyẹn ipá tí iná fi ń wọ̀ ọ́, láti 1.2 sí 1.35, kó má baà máa kú mọ́ mi lọ́wọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí mo ní kò lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù, yàrá bá gbóná bí ààrò. Mo ń wo nọ́ńbà ìgbóná lójú kọ̀ǹpútà bó ṣe ń gùn: 88, 94, 100. Kò kú o. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rọra rìn ni: 4.6 di 3.9, 3.9 di 3.4. Nígbà tí fídíò yẹn parí tí ara tù ú díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ tún gbéra padà sí 4.6.

Ẹ wo ibẹ̀ yẹn dáadáa. Àárẹ̀ máa ń muni ni, a kì í yàn án. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Àwọn tó ṣe é ti fi sí i lára pé tó bá ti dé ìwọ̀n kan, kó dín eré kù kó má baà bàjẹ́. Lára ọ̀pọ̀ ọpọlọ kọ̀ǹpútà Intel, 100°C ni ìwọ̀n náà. Ti ọ̀pọ̀ nínú ìran Ryzen 7000 tí AMD ṣe, 95°C ni. Ẹni tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ kọ́ là ń pè ní ẹni tó rẹ̀. “Ìdẹwọ́” ni mo fẹ́ kí a pè é: “kọ̀ǹpútà mi ń dẹwọ́.” Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé dẹwọ́ ń rùn bí ọ̀lẹ, torí “ẹ má dẹwọ́ nínú àdúrà” là ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ onílù tó dẹwọ́ nígbà tí oníjó ń mí hẹlẹ, ta ló máa pè é ní ọ̀lẹ?

Ìlù yẹn gan-an ló sì mú mi dé orí “aago”. Ohun tí wọ́n ń pè ní clock nínú kọ̀ǹpútà kì í sọ àkókò fún ẹnikẹ́ni. Lílù ni, tí ń dún ní ìdọ́gba, tí gbogbo iṣẹ́ inú ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Gúdúgúdú ni, kì í ṣe aago ara ògiri. 4.6 GHz túmọ̀ sí pé ó ń lù ní ìgbà bílíọ̀nù 4.6 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà mo dábàá “ìmúlùyá”. Mo múlù kọ̀ǹpútà mi yá. Àwọn onílù kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Àbúrò wa kan ti sọ pé “àdúnjù” ló dáa jù fún overclock, torí òwe tó ní ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ló máa ya. Òwe náà dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ariwo lòwe yẹn ń sọ, kì í ṣe eré. Fóltéèjì ló jọ ọ́, ìyẹn agbára tí ọwọ́ fi ń lu awọ. Ibẹ̀ sì ni ìgbóná ti ń wá jù. Iyára tí mo fi kún un jẹ́ ìlọ́po 1.15, ooru á bá a gùn bẹ́ẹ̀. Ti fóltéèjì jẹ́ ìlọ́po 1.125, ṣùgbọ́n a ó fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kí a tó mọ ooru tó mú wá, ó sì ń lọ sí 1.27. Pa méjèèjì pọ̀: bí ooru àtijọ́ bá jẹ́ 100, tuntun á tó bíi 145. Ẹ jẹ́ kí “àdúnjù” dúró fún fóltéèjì tó ga jù.

Ẹ má sì jẹ́ kí a da ooru pọ̀ mọ́ ìgbóná. Ọmọ Hausa tó bá mi tú ẹ̀rọ náà ní “ya yi zafi”, ìyẹn “ó ti gbóná”; zafi tiwọn gba ìgbóná, ó tún gba ìrora. Tiwa pín in. Ìgbóná wà lára nǹkan, ooru ló ń mú wa nínú yàrá. Fáànù kì í pa ooru, ó kàn ń kó o kúrò lára irin sínú yàrá ni, kò sì lè mú ọpọlọ kọ̀ǹpútà tutù ju yàrá náà lọ.

Nígbà tí a ṣí i, eruku ọyẹ́ ti dì sáàárín ewé irin tó ń fa ìgbóná, ó nípọn, ó ṣeé ká bí aṣọ. Ìpara tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti gbẹ, ó ń ṣí bí ọ̀dà ògiri tó ti gbó. (Ẹ dákun, “ìpara” ni, kì í ṣe “àtè”. Kì í ṣe kó lè lẹ̀ mọ́ra la ṣe ń fi í síbẹ̀, kó lè dí àlàfo tí afẹ́fẹ́ ń gbà jókòó ni.) A nu gbogbo rẹ̀, a fi ìpara tuntun tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Mo dá fóltéèjì padà sí 1.25, mo fi ìlù sí 4.4. Lọ́sàn-án àná, pẹ̀lú ooru yìí náà, 81 ló dúró sí.

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó dùn ju ìdẹwọ́ lọ, mo ń retí rẹ̀. Àárẹ̀ nìkan ni mi ò lè gbà.