Ṣúgà ìdájí: ẹ kọ́kọ́ wo ti aago mẹ́ta òru

Ìbéèrè tí àwọn alátọ̀gbẹ ń bi wá jù nìyí: "Ṣúgà mi jẹ́ 128 mg/dL kí n tó sùn. Mi ò fẹnu kan nǹkan kan títí ilẹ̀ fi mọ́, ó di 187. Níbo ni 59 ti wá?"

Ọ̀pọ̀ ìgbà, inú ẹ̀dọ̀ ló ti wá. Láti nǹkan bí aago mẹ́ta ìdájí títí di aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ara ń múra àtijí. Cortisol àti àwọn họ́mọ̀ọ̀nù mìíràn á pọ̀ sí i, ẹ̀dọ̀ á sì tú ṣúgà tó kó pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ, ínsúlíìnì á jáde, á sì ká a lọ́wọ́ kò. Lára ẹni tó ní in, ínsúlíìnì kò tó, tàbí kí ara má gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi nọ́ńbà àárọ̀ nìkan dájọ́. Fún bí òru mẹ́ta, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sùn, ẹ fi aláàmù jí ní aago mẹ́ta kí ẹ tún wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn náà kí ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ bá jí, kí ẹ tó jẹun. Bí ti aago mẹ́ta kò bá yàtọ̀ sí ti àṣálẹ́, tó wá gòkè láàárọ̀, ẹ̀dọ̀ ni. Bó bá ti lé ní 200 kí ẹ tó sùn, oúnjẹ alẹ́ tàbí oògùn tí kò tó ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti òru mọ́jú, ó ṣeé ṣe kí ipá oògùn ti tán kílẹ̀ tó mọ́.

Èyí tó léwu ni kí ti aago mẹ́ta wà lábẹ́ 70. Òógùn á rin ìrọ̀rí, àlá á burú, orí á máa fọ́ni láàárọ̀. Àgbàlagbà tó lo Daonil (glibenclamide, oògùn oníhóró tó ń mú ṣúgà wálẹ̀) tó sì sùn láìjẹun ni ó sábà máa ń bá. Ní bí ọdún 1930 sí 1939 ni Michael Somogyi, onímọ̀ kẹ́míkà ara, ṣàlàyé pé irú ìwálẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń mú ṣúgà fò sókè láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà òde òní kò gbà pé ó wọ́pọ̀. Bó wù kó rí, ẹni tó bá fi oògùn kún oògùn níbẹ̀ ń fẹ̀mí wewu. Bó bá ti wà lábẹ́ 70, ẹ po ṣúgà gíráàmù 15 mọ́ omi, bíi kóró mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ mu ún, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹni tí kò mọra mọ́, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu o, ọsibítù ni.

*

Ẹ kú àlàyé, sà. Ẹ jẹ́ n fi ti oúnjẹ kún un. Bí nọ́ńbà àárọ̀ bá ti ga, ohun tí àwọn èèyàn wa ń ṣe ni pé wọn ò ní jẹun alẹ́ mọ́ rárá. Ẹni tó ń lo Daonil tàbí ínsúlíìnì kò gbọdọ̀ dán an wò. Ẹ jẹ ẹ́ ní bí aago méje, kí òkèlè má ju ìkúùkù kan lọ, kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí ẹ sì rìn fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn rẹ̀. Ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀ máa ń dá oúnjẹ dúró nínú ikùn. Nọ́ńbà á dára ní aago mẹ́wàá, á wá gòkè lóru. Àwọn tó ní àmàlà kì í gbé ṣúgà sókè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀n ọ́n ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹ jẹ ẹ́ kí ẹ rí i.

*

Ẹ̀yin tó ń gún ínsúlíìnì NPH, ìyẹn èyí tó rí bí omi ẹ̀kọ: ó máa ń lágbára jù láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́wàá. Bí ẹ bá gún un ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, agbára rẹ̀ á ti ń lọ sílẹ̀ ní ìdájí gan-an. Dókítà lè sún un sí àsìkò oorun; ẹ má ṣe é fúnra yín. Ẹ yí ìgò rẹ̀ láàárín àtẹ́lẹwọ́ ní bí ìgbà mẹ́wàá kí ẹ tó fà á, ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ẹ má gún un sójú ibi tó ti wú kókó, torí kì í wọlé dáadáa níbẹ̀. Èyí tó bá ti dì nínú fíríṣà ti bàjẹ́. Níbi tí kò sí iná, ẹ ki ìkòkò amọ̀ bọ inú ìkòkò amọ̀ ńlá, kí yanrìn tí ẹ fi omi rin wà láàárín wọn, kí ínsúlíìnì wà nínú ti kékeré, kí ẹ sì gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́.

*

Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ sì nù ún gbẹ kí ẹ tó gún ìka o. Omi ọsàn tó kù lọ́wọ́ tó láti sọ 120 di nǹkan mìíràn. Ẹ dé ìgò strip, ìyẹn bébà tí ẹ ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, pa. Àfojúsùn ọ̀pọ̀ àgbàlagbà alátọ̀gbẹ kí wọ́n tó jẹun àárọ̀ ni 80 sí 130. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín láti Lọ́ńdọ̀nù bá kọ 9.4, mmol/L ló fi ń kà á; ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀ kó lè di mg/dL: 169 ni.