Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìrìn àjò ọjọ́ kan sí Cinque Terre

Ẹ̀yin ará, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Èmi àti màmá mi fẹ́ lo ọjọ́ kan ní Cinque Terre, àwọn abúlé márùn-ún tó wà létí òkun ní Ítálì. La Spezia la ti máa wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀, ibẹ̀ náà la máa padà sùn.

Orúnkún ń da màmá láàmú. Corniglia ló ń kọ mí lóminú jù: orí òkè téńté ni abúlé náà wà, ibùdókọ̀ rélùwéè wà nísàlẹ̀, àtẹ̀gùn tó lé ní 300 ló wà láàárín wọn. Bọ́ọ̀sì kékeré kan máa ń gbé èèyàn gòkè; ṣé àgbàlagbà ń ríbi jókòó nínú rẹ̀? Àbí ká kúkú fo ibẹ̀, ká pẹ́ díẹ̀ sí i ní Monterosso tó ní iyanrìn, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú? Ìyẹn ló wù mí, àmọ́ Manarola lọkàn màmá wà. Ó fẹ́ rí àwọn ilé aláwọ̀ mèremère tó wà lórí àpáta yẹn nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ máa ní ká kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀?